Pẹpẹ Ọkọ̀ Tí Ó Wú ní Èkó

1000 Housing Estate,
Maiduguri,
Ìgbà ọyẹ́.

Fọláṣadé, Àníkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru Èkó, mo sì kí ọ kú àìrójú. Màmá rẹ ní kí n kí ọ. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi níhìn-ín, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo, ó sì ń wo ọwọ́ mi bí mo ti ń kọ̀wé, bí ẹni pé òun ni olùṣọ́ yàrá ìdánwò. Ara wa le. Ọyẹ́ ti wọlé dé, ètè gbogbo wa ti là, a sì ti mú ìpara tí o fi sílẹ̀ jáde, àwa méjèèjì ń pín in lò.

Mo mọ̀ pé ọkàn rẹ kò balẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dákẹ́ sórí fóònù tí mo sì gbé e fún màmá rẹ. Kì í ṣe ìbínú. O bi mí ní ìbéèrè kan, ìdáhùn rẹ̀ kò sì sí lẹ́nu mi ní àkókò náà. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo lọ, bí olùkọ́ bá bi ọ́ ní ohun tí o kò mọ̀, ìwọ yóò dìde, ìwọ yóò dákẹ́, ìwọ yóò sì dúró lórí ìdúró títí wọn yóò fi ní kí o jókòó. Mo ti dúró tó. Àìdáhùn rárá kò bá ìwà ọmọlúàbí mu, ìdí nìyí tí mo fi mú kálàmù, tí mo sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa, níwájú tábìlì tí a ti kan ọkọ̀ náà.

Jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí n má baà ṣì ọ́ gbọ́. O ní ọkọ̀ ojú omi kékeré tí èmi pẹ̀lú rẹ fi igi kàn, èyí tí o gbé lé itan lọ sí Èkó tí ó sì gba iṣẹ́ fún ọ lọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ gidi, ti wú. O ní pẹpẹ rẹ̀, orí ọkọ̀ níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ gidi máa ń rìn, ti gbé ara sókè ní àárín bí ẹ̀yìn ológbò, àti pé igi ẹ̀gbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í là níwájú. O ní àwọn olówó ọkọ̀ ń bọ̀ wá wò ó nínú ilé gíláàsì tí wọ́n gbé e sí. Ọ̀gá rẹ ní kí o fi pọ́tì dí ibi tí ó là, kí o kùn ún ní ọ̀dà, kí ó parí síbẹ̀. Ìwọ ní ọkàn rẹ kò gbà á, pé ó dára kí a gé pẹpẹ náà kúrò pátápátá kí a tẹ́ òmíràn. Nígbà náà ni o wá sọ pé, "Bàbá, ọwọ́ yín ló tẹ́ ẹ. Ṣé kí n gé e, sà?"

Mo mọ ìdí tí o fi béèrè. O mọ̀ pé lẹ́yìn pẹpẹ yẹn ni ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. O mọ̀ pé láti ìgbà náà, èmi kò tíì lè to pákó tín-ín-rín méjì pọ̀ kí etí wọn bá ara wọn mu. Pẹpẹ yẹn ni iṣẹ́ pẹlẹbẹ ìkẹyìn tí ọwọ́ yìí ṣe dáadáa. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, yóò ti gé e, yóò sì wá sọ fún mi lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ìwọ béèrè. Ìbéèrè náà dùn mọ́ mi, ó sì dùn mí, nínú ẹ̀mí kan náà.

Nígbà tí o pa fóònù tán, mo wá síbí yìí, mo sì gbé ègé pákó kan tí ó ṣẹ́kù nínú èyí tí a fi tẹ́ pẹpẹ náà, mo ń yí i sọ́tùn-ún, mo ń yí i sósì. Màmá rẹ tẹ̀ lé mi wá. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá Ṣadé, ta ló bi yín ní ìbéèrè, ọmọ ni àbí pákó?"

Mo ní ọmọ ni.

Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ wá ń dá pákó lóhùn?"

O mọ màmá rẹ. Ó ti padà sí ilé ìdáná kí n tó gbé pákó náà sílẹ̀.

Èmi yóò dá ọ lóhùn nínú lẹ́tà yìí. Ṣùgbọ́n o kúrò nílé ní wéréwéré. Ìpè iṣẹ́ dé lónìí, o di ẹrù lọ́la, èmi kò sì rí àyè jókòó bá ọ sọ̀rọ̀ bí bàbá ti í bá ọmọ tí ó ń kúrò lábẹ́ òrùlé rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nítorí náà, fara balẹ̀. Èmi yóò sọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí n sọ nígbà náà, a óò sì dé orí pẹpẹ.

Èkíní ni ìkíni. Má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé o ti gbọ́ ọ títí ó fi sú ọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo so táì mọ́ ọrùn nínú oòrùn yẹn, mo sì lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tí ń ta pákó. Mo nawọ́ sí pákó, mo béèrè iye rẹ̀. Bàbá náà wò mí, ó ní, "Ina kwana?" Mo ní mo jí dáadáa, èló ni pákó? Ó ní, "Ina gajiya?" Ó béèrè àárẹ̀ ọ̀nà. Ó béèrè bí ooru ṣe ń ṣe mí. Ó béèrè àwọn ará ilé mi tí kò mọ̀ rí, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìgbà tí mo bá dárúkọ pákó, ó ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkíni. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, inú sì bí mi. Èmi ọmọ Òǹdó, tí wọ́n tọ́ ní ilé tí a ti ń dọ̀bálẹ̀ kí àgbà kí a tó bu omi sójú, ni wọ́n wá ń kọ́ ní ìkíni ní ìlú onílùú. Ìgbà tí mo pa dà lọ, tí mo jókòó sórí àpótí, tí a kí ara wa tán, ni ó fà mí lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí ó sì fi pákó tí ó gbẹ dénú hàn mí.

Wọ́n máa ń sọ pé ará Èkó kì í ní àkókò. Ìwọ ní àkókò. Kí ẹni tí ń ṣí géètì fún ọ kí o tó kí ọ̀gá rẹ. Kí obìnrin tí ń gbá ilẹ̀ níbi iṣẹ́, kí o sì dúró gba èsì. Bí àgbà bá na ọwọ́ sí ọ, fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kí o sì tẹ orúnkún díẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé sòkòtò iṣẹ́ ni o wọ̀. Má ṣe fi okùn orin há etí nígbà tí ẹnìkan bá ń bá ọ sọ̀rọ̀. Má ṣe jẹun lórí ìdúró. Má ṣe gbé fóònù sétí nígbà tí oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ. Mo gbọ́ ìró jíjẹ nǹkan ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá, màmá rẹ ní kí n má sọ ọ́, mo ti sọ ọ́.

Ìkejì jẹ mọ́ ọ̀gá rẹ. Ó jù ọ́ lọ ní ọjọ́ orí, òun ni ó sì gbà ọ́ síṣẹ́. Bí ó bá sọ ohun tí kò tọ́, má ṣe takò ó lójú àwọn ẹlòmíràn, má sì ṣe dákẹ́ kí o lọ máa ráhùn fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ nídìí oúnjẹ. Lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀. Kan ilẹ̀kùn. Sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́, kí o sì mú ohun tí ojú lè rí dání: mú pákó tí ó wú lọ, mú èyí tí kò wú lọ, jẹ́ kí ó fi ìka kàn wọ́n. Lẹ́yìn náà, pa ẹnu mọ́, kí o fún un ní àyè láti yí èrò rẹ̀ padà láìsí ẹni tí ń wò ó. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún bí tìrẹ, mo bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan jiyàn lórí àwọn tábìlì tí wọ́n kàn fún yàrá ìkàwé. Òtítọ́ wà lọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n iwájú gbogbo olùkọ́ ni mo ti sọ ọ́, mo sì fi ohùn rara sọ ọ́. Wọ́n lo àwọn tábìlì burúkú yẹn títí tí mo fi kúrò níbẹ̀, nítorí pé kò sí bí bàbá náà ṣe lè yí padà kí ó má dà bí ẹni tí ọmọdé ṣẹ́gun.

Ìkẹta ni ọ̀rọ̀ pọ́tì àti ọ̀dà. Mo kan àpótí ìjókòó kan nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, fún iṣẹ́ tí wọn yóò fún wa ní máàkì lé lórí. Ẹsẹ̀ kan là níbi tí ó ti wọnú àpótí. Kàkà kí n gbẹ́ ẹsẹ̀ mìíràn, mo po èérún igi mọ́ gọ́ọ̀mù, mo fi dí i, mo fi sánpépà bó o, mo sì fi fáníìṣì kùn ún títí ó fi ń dán. Olùkọ́ wa yí i po. Ó kàn ní kí n gbé e lọ sí gbọ̀ngàn ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n jókòó lé e níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ nígbà ìsìn àárọ̀. Mo rò pé iyì ni. Ní àárín orin ìyìn, ẹsẹ̀ náà yọ. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń kọrin lọ, wọn kò dúró, nítorí pé wọn kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín nínú orin ìyìn. Mo gbọ́ bí ohùn wọn ṣe ń gbọ̀n. Títí di òní, bí wọ́n bá kọ orin yẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níhìn-ín, ìdí mi máa ń dùn mí.

O rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Má tíì sáré síwájú mi.

Àníkẹ́, ilé dákẹ́. Èmi kò mọ̀ pé ariwo rẹ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìfági rẹ ṣì wà lórí ìṣó tí o máa ń gbé e kọ́. Àpótí ìjókòó rẹ wà lábẹ́ tábìlì, màmá rẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e. Ó ní eruku ni òun ń ṣọ́ kí ó má bà á, ṣùgbọ́n kò nu eruku náà. Ní ìdájí, mo máa ń gbọ́ ìró ayùn, mo sì máa ń dìde kí n tó rántí. Ayùn kọ́ ni, ẹ̀ka igi dóńgóyárò ni ó ń ha ara rẹ̀ mọ́ páànù.

Alhaji Bukar tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ṣì ń béèrè rẹ. O rántí pé nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ náà, òun ni ó máa ń na ọrùn lókè ògiri tí yóò ní, "Malam, ga jirgi, ina ruwan?" Ọkọ̀ rèé, omi dà? Ó sọ ọ́ ní ọjọ́ tí a gbẹ́ ìdí ọkọ̀, ó sọ ọ́ ní ọjọ́ tí a fi àwọn ìgbòkun sórí rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní ọjọ́ tí a kùn ún ní fáníìṣì. Ó ní ọkọ̀ ojú omi ní Maiduguri dà bí ẹni tí ó ra gàárì tí kò ní ẹṣin. Ìwọ dá a lóhùn láti ibi tí o jókòó sí pé omi ń bọ̀, kí wọ́n ṣáà máa fojú sọ́nà. Ní báyìí, kò béèrè omi mọ́. "Ina mai jirgi?" ni ó ń sọ bí mo bá ti jáde. Ọlọ́kọ̀ dà? Bí mo bá ní ó wà ní Èkó, yóò gbé ọwọ́ sókè, yóò ní kí Ọlọ́run mú un padà wálé fún wa. Èmi yóò ní àmín. A óò sì jùmọ̀ dúró níbẹ̀ díẹ̀, àgbàlagbà méjì tí kò ní ohun tí wọn yóò máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ lé lórí mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo gba ọ̀nà Kasuwan Shanu, ọjà màlúù, kọjá. Òórùn ibẹ̀ gún mi nímú, mo sì yí ojú sí ọ̀tún láti bá ọ sọ̀rọ̀. Ìwọ kọ́ ni o jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi nínú kẹ̀kẹ́ náà, ọkùnrin kan ni tí ó gbé àpò ọkà bàbà lé itan. Mo ní kí ó má bínú.

O mọ ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ. Nígbà tí o fi àwòrán irú ọkọ̀ akẹ́rù tuntun tí a fi igi ṣe àwòkọ rẹ̀ hàn wá lórí fóònù rẹ, o ní kì í jó epo dúdú bí ti àtijọ́, kì í sì í tú èéfín sójú ọ̀run. O ní amóníà ni ó ń jó, àti pé àwọn ìgbòkun líle tí ó dúró lórí rẹ̀ bí ìyẹ́ ń gba ìrànwọ́ lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ kí epo má baà tán kíákíá. Mo ní kí o ṣàlàyé ohun tí ń jẹ́ amóníà fún màmá rẹ ní èdè Yorùbá. O ronú títí. O ní, "Màmá, òórùn tó máa ń gún wa nímú ní Kasuwan Shanu, òun náà ni." Màmá rẹ ní ṣé ìtọ̀ màlúù ni wọ́n wá ń bù sínú ọkọ̀ báyìí ni? Láti ọjọ́ náà ni o ti sọ ọkọ̀ wa ní Jirgin Shanu, Ọkọ̀ Màlúù, tí o sì fẹ́ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní, níbi tí ọkọ̀ gidi máa ń ní orúkọ. Mo kọ̀ jálẹ̀. Mo ní a kì í kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ara ohun tí àwọn ènìyàn pàtàkì yóò wò. O gbọ́ràn, o sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ó ṣófo títí di bí mo ti ń kọ̀wé yìí.

Èyí mú mi dé orí èdè. Bóyá òun ni ìkẹrin, èmi kò kà á mọ́. Gbogbo ìgbà èwe rẹ ni mo fi bá ọ jà nítorí Hausa. Ìwọ yóò jí, ìwọ yóò sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìwọ yóò ní, "Baba, ina kwana?" Èmi yóò máa wo ìwé ìròyìn mi bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ni ó fẹ́ kọjá. Èmi kì í dáhùn títí ìwọ yóò fi padà, tí ìwọ yóò kúnlẹ̀, tí ìwọ yóò sì sọ pé, "Ẹ káàárọ̀, sà." Màmá rẹ a máa ní mo le jù. Èmi kò kábàámọ̀ rẹ̀. Ọmọ tí a bí síhìn-ín, tí ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré níhìn-ín, bí bàbá rẹ̀ kò bá dúró gbọn-in, ọ̀nà wo ni Yorùbá yóò gbà wọ ẹnu rẹ̀?

Ní báyìí, o ń pè mí láti Èkó, o ń sọ pé, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà, ṣé ara yín le, sà," kò sí àṣìṣe kan nínú rẹ̀, ohùn rẹ sì ti ń gùn bí ti àwọn ará ibẹ̀. Mo máa ń dáhùn. Mo sì máa ń dúró díẹ̀ sí i, bóyá ìwọ yóò gbàgbé, kí ó já bọ́ lẹ́nu rẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò já bọ́. Má ṣe jẹ́ kí Hausa rẹ dípẹtà. Wá ẹni tí ìwọ yóò máa sọ ọ́ fún. Àwọn tí ń ta ẹran ní Èkó yóò gbọ́ ọ. Ilé tí ó tọ́ ọ ń sọ èdè méjì, má ṣe fi ọ̀kan ṣí ilẹ̀kùn kí o sì ti èkejì mọ́ ìta.

Ó tó. Jẹ́ kí a kọjú sí pẹpẹ.

Ìgbà ọyẹ́ ni a tẹ́ ẹ. Bí mo ti jókòó síbí yìí, mo rí gbogbo rẹ̀. Igi dóńgóyárò tí a bẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ nínú ọgbà wa ni, a ti sá a gbẹ lórí òrùlé títí ó fi ń dún bí àwo bí a bá fi ìka lù ú. Mo rẹ́ ẹ sí pẹlẹbẹ, mo to pákó kọ̀ọ̀kan ti èkejì, mo fún wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí o fi mú abẹ́ ìfárùngbọ̀n mi wá láti fi dán an wò, tí abẹ́ náà kò sì ráyè wọlé. O ní, "Bàbá, ó pé." Mo gbéraga lọ́jọ́ náà. Mo pe Alhaji Bukar pé kí ó wá wò ó.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ rèé. Igi kì í kú tán. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, yóò súnkì. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù, yóò mu omi, yóò sì fẹ̀. Ní Òǹdó tí mo dàgbà sí, nínú òjò àti igbó, kò sí káfíńtà tí yóò tẹ́ pákó láìfi àyè díẹ̀ sáàárín. Èmi náà mọ̀ ọ́n, mo sì kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ìlú yìí ni mo ti darúgbó. Níhìn-ín, gbígbẹ ni igi máa ń gbẹ sí i, àyè ni ó máa ń ṣí fúnra rẹ̀, ohun tí a sì máa ń lé kiri ni bí pákó yóò ṣe fún pọ̀. Ọwọ́ mi ti di ọwọ́ ará Maiduguri. Mo kan ọkọ̀ fún etí òkun pẹ̀lú ọwọ́ ẹni tí kò rántí omi mọ́. Ìwọ tí a bí síhìn-ín kò lè mọ̀. Ọkọ̀ náà dé Èkó, ó mí èémí òkun sínú, kò sì sí ibi tí yóò fẹ̀ sí. Ó gbé ẹ̀yìn sókè.

Nítorí náà, ìdáhùn mi rèé, Fọláṣadé: gé e.

Má fi pọ́tì dí i. Má kùn ún. Má ṣe ro ti ọwọ́ mi. Bí o bá fi ọ̀dà bò ó nítorí mi, lójú àwọn àlejò yẹn ni yóò ti tún là, orúkọ rẹ ni yóò sì là pẹ̀lú rẹ̀. Yọ àwọn ìgbòkun àti àwọn táǹkì amóníà kúrò lórí rẹ̀ ní àkọ́kọ́. Fi ayùn tín-ín-rín gé e yípo, sún sínú díẹ̀ kúrò ní etí, kí eyín ayùn má baà dé ara ọkọ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, níbi tí igi ẹ̀gbẹ́ kò tíì là. Nígbà tí pẹpẹ bá kúrò, ẹ̀gbẹ́ tí ó là yóò rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Má ṣe fi ipá mú un.

Lẹ́yìn náà, gé pákó tuntun, kí o sì fi í sílẹ̀ nínú yàrá kan náà tí ọkọ̀ wà, láìkàn án, kí ó mí atẹ́gùn ibẹ̀ títí yóò fi bá a mu. Bí àwọn àlejò bá dé kí ó tó tó àkókò, jẹ́ kí wọ́n bá ọkọ̀ náà ní ṣíṣí. Kí o dúró tì í, kí o kí wọn dáadáa, kí o sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Àwọn tí ń ra ọkọ̀ gidi mọ ohun tí omi ń ṣe. Sọ èyí fún ọ̀gá rẹ bí mo ti kọ́ ọ lókè. Nígbà tí o bá ń tẹ́ ẹ, fi àyè sáàárín pákó kan àti èkejì, kí ó tó ìnípọn bébà líle, kí o sì fi gọ́ọ̀mù sí àárín pákó nìkan. Jẹ́ kí etí rẹ̀ máa lọ kí ó máa bọ̀. Ojú kò ní rí àyè náà. Igi yóò rí i.

Bí ọ̀kan nínú àwọn pákó mi bá jáde láìfọ́, má ṣe fi ránṣẹ́ sí mi, má sì ṣe tọ́jú rẹ̀ bí ohun òkú. Fa ìlà sí i, kí o fi ṣe rúlà.

Nígbà tí o bá parí, kọ orúkọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Mo ti rò ó wò. Lẹ́tà wínníwínní, kí ó gún régé, kí ìpẹ̀kun rẹ̀ má ṣe wọ́. Jirgin Shanu. Bí àwọn ènìyàn pàtàkì bá béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, sọ fún wọn ibi tí o ti wá.

Màmá rẹ ti ṣa ẹ̀wà tán, ó sì ti ka gbogbo èyí láti orí èjìká mi, ìwà tí mo ti bá a wí lé lórí láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa. Ó ní kí n béèrè ìgbà tí ìwọ yóò wálé. Mo ní ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi iṣẹ́ ni, kò tọ́ kí a máa fà á láṣọ. Ó ní kí n ṣáà béèrè. Mo ti béèrè.

Mo ti rẹ́ pákó dóńgóyárò méjì mìíràn fún ọkọ̀ kejì, èyí tí o ní ìwọ yóò yà nígbà tí o bá ráyè. Ọwọ́ mi kò jẹ́ kí wọ́n gún tó bí mo ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n pákó ni wọ́n. Wọ́n wà lórí tábìlì níwájú mi báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àyè sì wà láàárín wọn. Èmi kò ní so wọ́n pọ̀ títí o ó fi dé.

Bí o bá sì dé, ìbáà jẹ́ àárọ̀ tàbí ọ̀sán, kí mi bí ó bá ṣe bọ́ sí ọ lẹ́nu. Mo ti fi ìwé ìròyìn sílẹ̀. Èmi yóò dá ọ lóhùn kí orúnkún rẹ tó kan ilẹ̀.

Èmi ni, tí ń wo ojú ọ̀nà,

Bàbá rẹ.